Ìbọn ìléwọ́ tó tíńrín fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Houston, èwo ni kí wọ́n rà?

ỌmọÒkèsà (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Houston ní Texas, wọ́n ti lò ju ọdún mẹ́jọ lọ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe, aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀, green card wọn ti jáde tipẹ́. Lóṣù tó kọjá ọkùnrin kan fi mọ́tò tẹ̀lé wọn láti ilé epo dé ẹnu géètì ibi tí wọ́n ń gbé. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ṣá, ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọlé, àmọ́ látọjọ́ náà oorun ò kun ojú wọn mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tó tíńrín, tí àwọn á máa fi sára lábẹ́ aṣọ tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ o, èmi ni wọ́n ń bi! Torí pé ọdẹ ni bàbá wa kí wọ́n tó kú, wọ́n rò pé ọmọ ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ̀bọn. Ìbọn tí mo mọ̀ ò ju ṣakabùlà tó wà lórí àjà lọ, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu tí wọ́n á tún fi ọ̀pá gún un wọlé. Àwòrán mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: Ruger LCP, Glock 43X, SIG P365, àti Smith & Wesson kan tí wọ́n ń pè ní Shield. Lójú tèmi gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá. Wọ́n ní Ruger yẹn ló wu àwọn jù torí òun ló kéré jù, ó máa wọ àpò yunifọ́ọ̀mù wọn wẹ́rẹ́. Ṣé kí wọ́n rà á? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ wàhálà.

Ìbéèrè kejì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bọ̀ nílé ní December. Ṣé wọn ò lè ra méjì kí wọ́n mú ọ̀kan bọ̀ fún èmi náà? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń gbé kòkó gba ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rin ọ̀nà yẹn mọ ohun tí àyà èèyàn máa ń ṣe nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú lọ. Mo ti lóṣòó sídìí ọ̀rọ̀ yìí bí òṣómàáló, mi ò dìde títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.


BàbáÌbejì_Katy

Ọmọ Òkèsà, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ìbéèrè kejì kúrò lọ́nà: RÁRÁ. Lọ́yà kan á wá ṣàlàyé ẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n wà lórí pèpéle yìí.

Ó wá ku ti ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí kékeré má tàn wọ́n jẹ. Gbogbo wa la máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ṣebí obìnrin ni, ọwọ́ ẹ̀ kéré, kó lọ ra ìbọn kékeré. Irọ́ ni. Ìbọn tó bá fúyẹ́, ọwọ́ rẹ ni gbogbo agbára ọta yẹn ń padà sí, kò sí irin tó pọ̀ tó tó máa bá ẹ gbà á. LCP yẹn ti wà lọ́jà láti 2008, ọta .380 ló ń jẹ, mẹ́fà ló ń wọ mágásíìnì ẹ̀, ìyẹn àpò irin tí wọ́n ń to ọta sí, tí ò bá sí ọta nínú ẹ̀ kò wọ̀n ju nǹkan bíi gíráàmù 270 lọ. Fóònù ńlá kan pẹ̀lú páwà báǹkì á wúwo jù ú lọ! Ẹnìkan yá mi lẹ́ẹ̀kan níbi tí a ti ń lọ yìnbọn, ìka méjì péré ló ríbi dì mú, ọmọńdinrín mi ń fì nísàlẹ̀ kò ríbi gbé ara lé, kí n tó yin ogún ọta àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi ti ń ta mí bí ẹni pé mo fi ata pa á. Mo gbé e padà fún un mo ní ẹ ṣeun sà. Ìbọn tí yíyìn ẹ̀ bá ń dun èèyàn, kò ní fi dánra wò, inú dúrọ́ọ̀ ló máa wà, ọjọ́ tí wàhálà bá sì wá dé, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ṣe LCP ò ṣe é fún yíyìn ṣeré o, ó ṣe é fún ẹni tí aṣọ ẹ̀ ò lè bo nǹkan míì mọ́lẹ̀. Kò burú nípò ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìbọn àkọ́rà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àwọn mẹ́ta yòókù fi jọra lójú yín. Ṣáájú 2018, ẹni tó bá fẹ́ tíńrín máa gbà pé ọta mẹ́fà sí mẹ́jọ ni tòun. Shield àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012, méje tàbí mẹ́jọ. Glock 43 tó jáde ní 2015, mẹ́fà péré. Ìdí ni pé ọ̀kan lórí ọ̀kan, gbọnrangandan, ni ọta ń tò sínú mágásíìnì. Tó o bá fẹ́ mẹ́wàá, ó di kó o lọ gbé èyí tó sanra bíi Glock 26. SIG wá dọ́gbọ́n kan pẹ̀lú P365 ní 2018, wọ́n to ọta bí ìyá alọ́sàn ṣe ń to ọsàn sórí àtẹ, tòkè á há sí àlàfo àwọn méjì ìsàlẹ̀, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé ẹnu, á sún pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Bó ṣe di pé mẹ́wàá wọ inú ìbọn tí fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bí ínṣì kan lọ nìyẹn. Làwọn yòókù bá ki eré mọ́lẹ̀. Glock gbé 43X jáde ní 2019, mẹ́wàá; Springfield gbé Hellcat jáde lọ́dún kan náà, 11; Smith & Wesson tún Shield ṣe, wọ́n pè é ní Shield Plus ní 2021, mágásíìnì ẹ̀ kan ń gba 10, èkejì ń gba 13. Gbogbo ìyẹn, ọta 9mm ni wọ́n ń jẹ. Kí wọ́n sì mú 9mm o, ó pọ̀ lọ́jà, ó sì sábà máa ń dínwó ju .380 lọ, owó ọta lèèyàn máa ń ná kẹ́yìn, kì í ṣe owó ìbọn.

Èmi P365 ni mò ń gbé, ọdún kẹrin rèé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 43X tàbí P365XL ni màá ní kí wọ́n mú, torí ìdìmú wọn gùn, gbogbo ìka ló máa rí àyè. Àmọ́ ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni. Kí wọ́n lọ sí ibi ìyìnbọn tó ń yáni ní ìbọn, Houston kún fún wọn, kí wọ́n fi owó yá mẹ́rin-márùn-ún kí wọ́n yìn ín fúnra wọn kí wọ́n tó ra ẹyọ kan. Ẹnìkan kì í bá ẹlòmíì wọn bàtà.


Nọ́ọ̀sìDallas

Ọmọ Òkèsà mo kí ọ o, mo ṣe Wesley ní Iléṣà níbẹ̀ ká tó wá síbí, nítorí náà àbúrò mi lo jẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ sì di ọ̀rẹ́ mi. Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀ dáadáa àmọ́ ọkùnrin ni wọ́n, wọn ò wọ scrubs rí.

Ṣó o rí yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ fi ìbọn sínú àpò ẹ̀ yẹn? Okùn la fi ń so ṣòkòtò ẹ̀, kò sí bẹ́líìtì. Fi fóònù méjì sínú ẹ̀, o ti ń fọwọ́ dì í mú kó má bọ́ nìyẹn. Àpò kan náà tá a ń kó bírò, sítẹ́ẹ̀pù ìlẹ̀mọ́, síṣọ́ọ̀sì àti kọ́kọ́rọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n wá fẹ́ jù ú sí? Bírò kan ló máa wọnú ibi tí ìka ń wọ̀, wọ́n á tẹ̀ ba, ó parí. Glock ò ní ohun tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọn ọ̀pọ̀ lóde òní ló rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń dáàbò bò ọ́ ni holster, ìyẹn ilé tí wọ́n ń ki ìbọn bọ̀, tó bo ibi tírígà tí ìka ń tẹ̀ pátápátá, tó le, tí kò ní rọ bí àpò awọ tó ti gbó. Orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni kydex, ike líle kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn tí ò bá ti ní owó holster gidi, kò tíì ní owó ìbọn.

Ohun kejì, níbo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́? Ilé ìwòsàn. Kí wọ́n wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n máa rí pátákó kan tí wọ́n kọ 30.06 sí, lẹ́tà gbàgùdù, èdè òyìnbó àti Spanish. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kódà ẹni tó ní láísẹ́ńsì ò gbọdọ̀ fi ìbọn pamọ́ sára wọbẹ̀. 30.07 ni ti ẹni tó gbé e sí gbangba. Èmi ò tíì ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí. Tí wọn ò bá tiẹ̀ rí pátákó, kí wọ́n béèrè òfin ibi iṣẹ́, a kì í fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ta tẹ́tẹ́. Torí náà gbogbo wákàtí méjìlá yẹn, inú mọ́tò ni ìbọn máa wà! Láti 2011 ni òfin Texas ti ní kí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ má lè dá òṣìṣẹ́ dúró láti fi í sínú mọ́tò ara ẹ̀ tó tì pa níbi ìgbọ́kọ̀sí. Àpótí irin kékeré wà tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹsẹ̀ àga mọ́tò, tèmi wà lábẹ́ àga.

Ìgbà tó o bá wá rò ó dáadáa, ibo lẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n ẹ? Ilé epo, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹnu géètì. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n á wọ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lókè. Nítorí náà kí ló kan àpò yunifọ́ọ̀mù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Bẹ́líìtì rọ́bà fẹ̀fẹ̀ wà tí wọ́n ń so mọ́nú, sórí ìbàdí, ó jọ ọ̀já ìgbàdí tá a fi ń dikùn lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n lè fi holster kydex sára ẹ̀. Èyí tó jẹ́ aṣọ lásán láìsí nǹkan líle níbi tírígà, kí wọ́n má rà á.

Wàyí o, fífà irin òkè sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Slide ni wọ́n ń pè é. Ìbọn kékeré, sípíríǹgì ẹ̀ le ju ti ìbọn ńlá lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi mo fà á títí èékánná mi kán, olùkọ́ wa wá ní kí n gbé e súnmọ́ àyà, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí iwájú, kí n má fọwọ́ òsì fà á, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìbọn lọ síwájú bí ẹni ń ti ọmọ orogún nínú omi. Ó yọ wẹ́rẹ́. Tó bá ṣì le fún wọn lẹ́yìn ìyẹn, Smith & Wesson ní Shield EZ, wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti .380 ní 2018, wọ́n ṣe ti 9mm ní 2020, ọta mẹ́jọ, fífà ẹ̀ rọ̀ gan-an, ó sì ní nǹkan kan lẹ́yìn ìdìmú tó jẹ́ pé tó ò bá dì í mú gírígírí kò ní ró. Ó fi díẹ̀ ga ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ èmi tí ọwọ́ ti ń dùn láti inú yíyí aláìsàn, òun ni mo rà, mi ò kábàámọ̀.


BàbáÌbejì_Katy

Ọmọ orogún nínú omi kẹ̀, àǹtí ẹ má pa wá 😂

Àmọ́ wọ́n ti gbé mi lẹ́sẹ̀, mi ò ronú nípa ilé ìwòsàn rárá. Ẹ jẹ́ n fi ti aṣọ kún un. Ọjọ́ Sunday kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n gbà wá láyè níbẹ̀ o, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ju bisikíìtì sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo fẹ́ ṣà á, ṣẹ́ẹ̀tì mi ká sókè. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn mi rí i. Kò pariwo, ó kàn fi ọwọ́ fa ṣẹ́ẹ̀tì mi wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tún aṣọ ọmọ ẹ̀ ṣe. Ìtìjú tó bá mi lọ́jọ́ náà ò kéré. Ẹni tó bá ń gbé e gbọ́dọ̀ kọ́ bó ṣe máa máa bẹ̀rẹ̀, orúnkún ni kó máa fi lọlẹ̀. Kí wọ́n sì wo ara wọn nínú dígí pẹ̀lú bùbá léèsì kí wọ́n tó jáde, léèsì máa ń tú àṣírí, á yọ gbúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbádá lè bo ìbọn mẹ́ta mọ́lẹ̀, àmọ́ kó o tó ká apá agbádá dé èjìká, olè ti dé Ìbàdàn.

Òde ìnáwó ńkọ́? Ibi tí wọ́n bá kọ 51% gàdàgbà sí, ìyẹn ibi tó jẹ́ pé ọtí mímu lójú ẹsẹ̀ ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn wá, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni láti gbé ìbọn wọbẹ̀.

Ní ti ìwé, láti ọjọ́ kìíní oṣù September 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin ò ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìní láísẹ́ńsì. Kí wọ́n gba LTC, ìyẹn láísẹ́ńsì ìgbébọn ti Texas, náà jàre. Kíláàsì wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni, wọ́n á yin ọta 50, ogún láti yáàdì 3, ogún láti yáàdì 7, mẹ́wàá láti yáàdì 15, máàkì 175 nínú 250 ni wọ́n fi ń yege. Ìpínlẹ̀ míì sì ń tẹ́wọ́ gbà á. Ẹni tí ò bá lè gba 175 yẹn, kí ni ó fẹ́ fi ìbọn ṣe láàárín èèyàn?


Bọ̀dáNewark

Gbogbo yín ń sọ Glock, ẹ ti gbàgbé ìbọn olóbìírípo, èyí tí ilé ọta ẹ̀ ń yí bírí. Smith & Wesson 642, ọta márùn-ún, .38 Special, kò sí irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, kò sí mágásíìnì tó máa há. Wọ́n á fi ọta sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ti ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń gbé Georgia, wọ́n ti lé ní 70, oríkèé ń dùn wọ́n, wọn ò lè fa slide kankan.

Ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n náà o, tí wọ́n bá fẹ́ wá kí ẹbí lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, kí wọ́n fi sílé. New Jersey ò mọ láísẹ́ńsì Texas rí. Mágásíìnì tó bá ju ọta mẹ́wàá lọ gan-an, òfin ti kà á léèwọ̀ níbí. Mo mọ ẹni tó rò pé Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹ̀, owó lọ́yà ló ń san títí dòní.


Nọ́ọ̀sìDallas

Bọ̀dá Newark, fún màmá, ó dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ tírígà 642 yẹn le gan-an, ó sì fúyẹ́, ó ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí LCP náà ni tó bá ti di ìdánrawò. Ẹni tó lágbára láti gbé aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì dé àga, tí wọ́n bá kọ́ ọ, á fa slide. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìn ín wò ṣá.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ Òkèsà, ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́mọ nílé? Torí obìnrin ló máa ń fẹ́ fi sínú báàgì. December 2014, ní ilé ìtajà ńlá kan ní Idaho, ọmọ ọdún méjì nawọ́ sínú báàgì ìyá ẹ̀ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, ó fa ìbọn, ó ró, ìyá kú síbẹ̀. Báàgì tí wọ́n rán fún ìbọn ni o, tó ní àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ara ni kó wà, tí kò bá sí lára, inú irin tó tì pa ni. Texas náà lófin, tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17 bá rọ́nà dé ìdí ìbọn tó ní ọta nínú torí pé o fi sílẹ̀ yẹ̀yẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa mú.


ỌdẹÌbòdì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròyé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ Gílọ́ọ̀kì, mi ò mọ Síìgì, àmọ́ mo mọ bàbá Ọmọ Òkèsà tó ń sọ yìí tó bá jẹ́ ẹni tí mo rò ni, a jọ sun ìgbẹ́ lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ta ló máa kọ́ ọmọbìnrin yẹn? Àwa nígbà tiwa, odidi ọdún kan ni mo fi ru àpò ọdẹ tẹ̀lé ọ̀gá mi, mi ò fọwọ́ kan ìbọn. Ọdún kejì ni wọ́n gbé e fún mi, kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀, wọ́n ní kí n máa gbé e rìn láàárín ilé, tí ẹnu ẹ̀ bá fi lè ṣèèṣì kọ sí èèyàn, kódà ewúrẹ́, igi ni wọ́n á fi kán mi lórí. Wọ́n á ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ ká kọ ìbọn sí òun? Èmi á ní bàbá ṣebí kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Wọ́n á tún kán mi lórí.

Bákan náà lẹ̀ ń yìn ín bó ti wù kó kéré. Ìka ò gbọdọ̀ wọnú ilé ìka àfi tí ojú bá ti rí ohun tó fẹ́ yìn, tó sì ti rí ohun tó wà lẹ́yìn ohun náà. Mo ti rí ọdẹ tó yìnbọn lu ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ torí iná orí, ó ní ẹtu ló rò pé òun rí. Kò yìnbọn mọ́ títí tó fi kú. Ẹ sọ fún un kó gbé ọdún kan lérí ìkọ́ṣẹ́.


BàbáÌbejì_Katy

Bàbá ẹ kú àgbà sà. Ohun tí bàbá sọ yẹn, tí wọ́n fi gbé ìbọn òfìfo rìn láàárín ilé, àwọn ará ibí náà ń ṣe é, ojoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: wọ́n á yọ mágásíìnì, wọ́n á fa slide wo inú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kó gbogbo ọta sí yàrá míì, wọ́n á wá máa fà á yọ, máa tẹ tírígà rẹ́kẹrẹ̀kẹ kọjú sí ògiri tó nípọn. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ ti ń mọ̀ ọ́n.


Lọ́yàLágere (Ifẹ̀)

Mo dé. Mo rí i pé wọ́n ti pè mí.

Ọmọ Òkèsà, Òfin Ìbọn ti 1959 ló ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà títí dòní. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà bàbá yín wà ní ìpín kẹta, ìbọn ọdẹ ọlọ́ta bíi double barrel wà ní ìpín kejì, méjèèjì ló níbi tí wọ́n ti ń gbàwé ẹ̀. Àmọ́ ìbọn ìléwọ́, gbogbo ẹ̀ pátá, ìpín kìíní ló wà pẹ̀lú bọ́ǹbù, gírínéèdì àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i, kì í ṣe DPO, kì í ṣe kọmíṣọ́nnà. Wọ́n bá a lọ́wọ́ ẹni láìsí ìyẹn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. Kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù o, èyí tó kéré jù. Ẹni tó ń gbé kòkó gba ọ̀nà Àkúrẹ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí àwọn sójà bá ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì wò? Wọn ò ní mọ̀ pé ajínigbé lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n máa pè ní ajínigbé.

Mo gbẹjọ́ ẹnìkan rò rí, ẹ̀bùn ni wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú wá fún un láti òkè òkun. Àwòrán ẹ̀bùn náà la tẹ̀ mọ́ ìwé ẹjọ́. Ẹ máà jẹ́ n sọ ibi tó parí sí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wá ṣe December pẹ̀lú báàgì tó mọ́. Kí wọ́n tú gbogbo àpò báàgì wò kí wọ́n tó dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọta ẹyọ kan tó ṣubú sínú ìyẹ̀ báàgì láti ibi ìdánrawò tó láti ba gbogbo ọdún jẹ́.


BàbáÌbejì_Katy

Lọ́yà ṣeun. Lápá tibí náà, fọ́ọ̀mù kan wà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ń kọ, 4473 lorúkọ ẹ̀, ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé ṣé ìwọ gan-an lo ń rà á fún. Kí wọ́n fi mààkì sí bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá jẹ́ pé ẹlòmíì ló rán wọn, láti 2022 ìyẹn lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Green card á sì di ìtàn.


Ọmọ_Mọ́remí (Ifẹ̀)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mò ń lọ fún Masters ní Texas ní August, fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo gbà. Ṣé èmi náà lè rà á tí mo bá dé? Mo gbọ́ pé gbogbo èèyàn ló ní in níbẹ̀.


BàbáÌbejì_Katy

Àbúrò, má dán an wò. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn bí ọmọ onílùú tí kò bá lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tó wà lórí F-1, ìyẹn fíísà akẹ́kọ̀ọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ fún un, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ, ká tó sọ pé o rà á. Ọ̀nà kékeré kan wà fún ẹni tó bá gba láísẹ́ńsì ọdẹ, àmọ́ má fi ìyẹn ṣeré láìbá lọ́yà sọ̀rọ̀. Tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní kó o wá ká lọ yìnbọn ṣeré ní Saturday, bi lọ́yà kó o tó fọwọ́ kàn án. Ra jákẹ́ẹ̀tì. Òtútù apá àríwá Texas ò mọ ọmọ Ifẹ̀.


ỌmọÒkèsà (Iléṣà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ibi ọ̀rọ̀ 30.06 yẹn ni wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà làwọn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ pátákó yẹn kọjá àwọn ò kà á rí, wọ́n lọ wò ó, òun náà ni. Saturday tó kọjá wọ́n lọ yá ìbọn, wọ́n pè mí lórí fídíò, aago mọ́kànlá alẹ́ nílé níbí, iná ti lọ, èmi àti ìyàwó mi ká sórí fóònù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n kọ́kọ́ yin LCP. Ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n ní "háà". Wọn ò yìn ín mọ́. P365 yin dáadáa àmọ́ ọmọńdinrín wọn ṣì ń yọ̀. 43X ni ọwọ́ wọn gbà, ó dà bí ẹni pé wọ́n wọn ìdìmú ẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, márùn-ún wọnú ibì kan náà nínú pépà tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó mi pariwo ju àwọn tó wà ní Houston lọ, ará ilé jí.

Slide ló kọ́kọ́ yọ wọ́n lẹ́nu, mo wá pariwo láti Iléṣà pé "ọmọ orogún nínú omi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá tó dúró tì wọ́n ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀ ná. Àǹtí Dallas, ó ṣiṣẹ́.

Wọn ò tíì rà á o. Kíláàsì LTC ni wọ́n kọ́kọ́ sanwó ẹ̀, wọ́n ti ra àpótí irin ti mọ́tò àti ti inú ilé torí ọmọ wọn ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ ọmọ yẹn ò sinmi rárá. Wọ́n tún ti pààrọ̀ ilé epo tí wọ́n ń lọ, ọ̀sán ni wọ́n ń ra epo báyìí. Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé ìyẹn nìkan ti tó? Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé.

Bàbá Ìbòdì, bàbá wa náà ni. Mo ń bọ̀ wá kí yín ní Sunday.

Tèmi, mo ti fọwọ́ mú, Lọ́yà ti fi ọdún mẹ́wàá lé oorun lójú mi. Mo ti ń tètè kúrò nílé, aago márùn-ún ìdájí, ká lè kó kòkó délẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, àwa mọ́tò mẹ́ta la sì jọ ń rìn báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní dípò ìbọn, àwọn á mú tọ́ọ̀ṣì ńlá kan àti bàtà bọ̀ fún mi. Mo ti fi sáìsì ránṣẹ́: 44.